Bottle palm tàbí spindle palm: èwo ni kí n gbìn síwájú ilé?
Irú ọ̀pẹ tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà ni wọ́n. Mauritius, orílẹ̀-èdè erékùṣù inú Òkun Íńdíà, ni àwọn méjèèjì ti wá, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó. Ti Round Island, erékùṣù kékeré kan níbẹ̀, ni bottle palm. Ewúrẹ́ àti ehoro ló jẹ àwọn ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀ run níbẹ̀. Ti Rodrigues, erékùṣù Mauritius mìíràn, ni spindle palm.

Ìdí bottle palm wú bí agbè (èmi fẹ́ràn ikùn yẹn), kì í sábà ga ju mítà 4 lọ, kò sì ní kan wáyà iná. Àmọ́ ó ń falẹ̀ gan-an láti dàgbà! Spindle palm yára jù ú lọ díẹ̀, ó sì lè ga ju mítà 6. Òtútù kò bá ìkankan lára mu, bottle palm ló sì kọ́kọ́ ń kú. Tí ewé ìsàlẹ̀ bá ní àmì aláwọ̀ ọsàn, pòtáṣíọ̀mù (oúnjẹ ewéko kan) ni igi náà ṣaláìní.

Bí ààyè bá kéré tàbí inú ìkòkò ni, bottle palm ni. Bí ààyè bá gbà á, tí ẹ ò sì ní sùúrù, ẹ mú spindle.