Ọjà Gbàǹjo eBay fún Àwọn Tó Ń Kó Ohun Ìṣeré Àtijọ́ Jọ

Láti ọdún 1995 tí Pierre Omidyar ti dá a sílẹ̀ ní California lábẹ́ orúkọ AuctionWeb, eBay ti di ọjà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ọkọ̀ ìṣeré Matchbox àtijọ́ máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ná ọjà: òǹrajà yóò sọ iye tó pọ̀ jù tí ó lè san, ẹ̀rọ yóò sì máa fi díẹ̀díẹ̀ lé owó náà fún un, kìkì nígbà tí ẹlòmíràn bá ti borí tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó lè gba ọjà náà ní owó tí kò tó iye tí ó dá. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni ogun máa ń le, nítorí àwọn àgbà ọjà kì í tètè fọwọ́ hàn.

Páálí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ Matchbox tí Lesney, ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń ṣe é, ṣe ní Hackney ní London máa ń gbówó lórí gan-an bí páálí rẹ̀ bá ṣì wà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń tẹ ayédèrú páálí. Ẹ béèrè àwòrán abẹ́ ọkọ̀ náà kí ẹ tó dá iye.

Ní ti ẹni tó ń tà ní Amẹ́ríkà, kí ó rántí pé iye tí eBay ń yọ nínú owó tí òǹrajà san kan owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú.