Murmur ti R.E.M.: ẹ̀dà tó yẹ ní rírà, àti bí a ṣe ń gbọ́ ọ

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ibi tí orin alternative (rọ́ọ̀kì tí kò tọ ọ̀nà àwọn gbajúgbajà) ti ṣẹ̀, tó sì jẹ́ pé àwo kan ṣoṣo ni agbára rẹ̀ ká, Murmur ni kó rà. Ilé-iṣẹ́ orin I.R.S. ló gbé e jáde fún ẹgbẹ́ olórin R.E.M. ní oṣù kẹrin ọdún 1983. Orin 12 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà lójú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì tó bí ìṣẹ́jú 44. Àwo tó dáa gidi ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí í fi gbogbo ara rẹ̀ han èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fi sípíkà fóònù gbọ́ ọ, tàbí tó ra ẹ̀dà tí abẹ́rẹ́ gírámafóònù ti jẹ, á ní ṣe ni wọ́n kàn ń kùn. Lóòótọ́, kíkùn ni ìtumọ̀ orúkọ àwo náà, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ kíkùn yẹn ló yẹ kí etí dé.

Ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dìde, ìlú tí fásitì wà. Kí wọ́n tó dé, ẹgbẹ́ olórin B-52's àti Pylon ti ń forin mú ará ibẹ̀ jó. Peter Buck, onígìtá wọn, ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù àwo kan tó ń jẹ́ Wuxtry, ibẹ̀ ni òun àti Michael Stipe, akọrin wọn, ti mọra. Mike Mills oníbéèsì àti Bill Berry onílù ti jọ ń ṣeré láti ilé-ìwé girama ní Macon kí wọ́n tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1980, wọ́n ṣeré àkọ́kọ́ níbi àríyá ọjọ́ìbí kan nínú ilé tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ní 1981, wọ́n gbé orin Radio Free Europe jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Hib-Tone. Inú gáréèjì àwọn òbí pùròdúsà Mitch Easter ní Winston-Salem ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n kó jọ kò ṣòro láti rí. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Velvet Underground ni wọ́n ti rí i pé a lè rọra máa tún nǹkan kékeré kan kọ títí tí yóò fi wọni lára. Gìtá tó ń dún gbọnrangandan bí agogo, ti ẹgbẹ́ Byrds nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn oní-pọ́ǹkì ni wọ́n ti gba ìgboyà pé kò dìgbà tí èèyàn bá di ọ̀gá kó tó gun orí pèpéle. Iṣẹ́ ńlá tí R.E.M. ṣe ni bí wọ́n ṣe pò ó tí ojú ìránpọ̀ kò fi hàn.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ba àwo yìí jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. I.R.S. kọ́kọ́ fi wọ́n sọ́wọ́ pùròdúsà mìíràn. Onítọ̀hún ní kí Berry máa lu orin kan ṣoṣo ní àlùtúnlù, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́ láti fi wọn ìlù, lẹ́yìn náà ló wá da ohùn kíbọ́ọ̀dù lé e lórí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Ni wọ́n bá padà sọ́dọ̀ Mitch Easter àti Don Dixon. Ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 1983, ní sitúdíò Reflection ní Charlotte, North Carolina, wọ́n gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Kò sí ibi tí gìtá ti ń dá fọ́nnu, kò sì sí kíbọ́ọ̀dù oníná tó gbòde nígbà náà tó ń bo gbogbo orin mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwo náà kò fi rùn bí 1983 rárá.

Gìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ fetí sí. Gìtá Rickenbacker 360 ni Buck fi ń ṣeré. Kì í gba okùn gbogbo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí àwọn oní-rọ́ọ̀kì ìgbà náà. Á di kọ́ọ̀dù mú, á wá máa ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, á sì fi okùn kan tàbí méjì sílẹ̀ láìtẹ̀ kí wọ́n lè máa dún lọ. Olórin tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó dín ìbú ohùn ẹ̀rọ gìtá rẹ̀ kù títí tí ohùn yóò fi mọ́ gaara, kí ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò lára okùn. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni ìka tó tẹ́jú. Bí ìka bá fara kan okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, okùn yẹn ti kú nìyẹn, ohun tó yẹ kó máa ró bí agogo á wá ró bí igi. Lábẹ́ gìtá yìí, béèsì Mills kì í ṣe òpó lásán. Òun gan-an ló ń gbé ohùn orin lọ lọ́pọ̀ ibi, tí gìtá Buck á sì máa yí i ká.

Perfect Circle ló rẹwà jù nínú àwo náà lójú wa. Dùùrù méjì ni wọ́n ta pọ̀ níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ńlá tó bá ohùn mu, èkejì jẹ́ irú tó ń dúró ti ògiri, tí ohùn rẹ̀ ti yẹ̀ díẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò bára mu tán, ohùn wọn ń mì bí ojú omi tí atẹ́gùn fẹ́ sí. Bí ẹ kò bá gbọ́ mímì yẹn, ẹ̀rọ yín kò tíì gbé àwo náà délé.

Ohùn Stipe ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣàròyé lé lórí. Wọ́n dìídì rì í sáàárín ohùn èlò yòókù ni, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ á là níhìn-ín, á sì pòòrá lọ́hùn-ún. Àṣìṣe tí èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi ohùn tín-ín-rín kún un láti lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Gìtá ni yóò wá máa gún wọn létí, ohùn kò sì ní là ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí àárín gbùngbùn, kí ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, kí ẹ sì jókòó sáàárín sípíkà méjèèjì. Ariwo tó ṣáájú orin àkọ́kọ́, tó dà bí iná tó ń hó nínú wáyà, kì í ṣe àbùkù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àwo ńlá àlòkù, kí ó ṣọ́ òpin ojú kọ̀ọ̀kan. Ìgbà 33⅓ ni àwo ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní etí àwo, nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 50 ló ń gba abẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó bá sì fi dé ìtòsí lébẹ̀lì (bébà tó wà láàárín àwo), ó ti dín sí nǹkan bíi 21. Ohùn kan náà wá ń há sáàyè tó dín ju ìdajì lọ, ibẹ̀ sì ni ìpalára abẹ́rẹ́ ti ń kọ́kọ́ hàn. Ó ṣeni láàánú pé ibẹ̀ gan-an ni Perfect Circle wà lójú kìíní, tí West of the Fields sì wà lójú kejì. Ẹ gbé àwo sábẹ́ iná, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìtòsí lébẹ̀lì bá ti rí bí eérú nígbà tí ìyókù ń dán, wọ́n ti lò ó kọjá ààlà. Ìlà tí èékánná kò lè mú kì í sábà dún, èyí tí èékánná bá kọ́ lára ni yóò máa ta pá. Ẹ ní kí òǹtajà fi ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn Perfect Circle sí i kí ẹ gbọ́. Bí dùùrù bá ń hán, ẹ má rà á.

Bó bá jẹ́ àwo tuntun ló ń hán, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ fi páálí ìwọ̀n tò ó kó dúró gbọọrọ, kí ẹ sì fún un ní ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀, gíráàmù 1.5 sí 2.5 ni. Àwọn kan a máa dín in kù nítorí kí àwo má baà jẹ. Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù a máa fò nínú ipa rẹ̀, fífò yẹn ló sì ń gbẹ́ àwo.

Fún ẹni tí kò ní gírámafóònù, ẹ̀dà CD méjì tí wọ́n ṣe ní 2008 ló kún jù. Eré tí wọ́n ṣe ní Toronto ní oṣù keje ọdún 1983 ló wà lórí èkejì, ó sì wúlò púpọ̀, nítorí á jẹ́ kí ẹ gbọ́ bí orin wọ̀nyí ṣe gbóná tó láìsí aṣọ tí sitúdíò fi bò wọ́n.

Àwo náà kò ṣàìní àléébù. We Walk fúyẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó dá a dúró ni ìró tó ń sán bí àrá lẹ́yìn rẹ̀: bọ́ọ̀lù bílíádì tí Berry ń gbá ni, wọ́n fa ìró rẹ̀ gùn ni. Bákan náà, Radio Free Europe inú àwo yìí falẹ̀ ju ti Hib-Tone lọ, ti 1981 yẹn ló gbóná jù.

Ipò 36 ni Murmur dé lórí àtẹ àwo ti ìwé ìròyìn Billboard, síbẹ̀ òun ni àwọn òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn orin Rolling Stone yàn ṣe àwo ọdún 1983, ní àkókò tí Thriller ti Michael Jackson gbayé kan. Rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ló gbé e káàkiri. Ipa ọ̀nà yẹn, láti ilé-iṣẹ́ kékeré dé rédíò fásitì, àti láti inú bọ́ọ̀sì dé gbọ̀ngàn kéékèèké, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé wọn gbà. Ní 1988, Billboard ṣí àtẹ ọ̀tọ̀ fún irú orin bẹ́ẹ̀. Kurt Cobain ti Nirvana kò fi ìfẹ́ rẹ̀ sí R.E.M. pamọ́, Pavement kọ odindi orin nípa wọn ní 1993, Radiohead sì bá wọn rìnrìn-àjò eré ní 1995.

Bí Murmur bá ti wọ̀ yín lára tán, Chronic Town ti 1982 ló kàn, orin márùn-ún péré ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá Eponymous, àkójọ orin wọn ti 1988, torí ibẹ̀ ni Radio Free Europe ti Hib-Tone wà.