Ẹ ṣọ́ra fún oníkíípáàdì yìí: sáńpù rẹ̀ ọ̀tọ̀, ọjà rẹ̀ ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń kan ẹ̀rọ fúnra yín, ẹ̀yin oní-inverter, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀rọ tó ń sàba ẹyin bíi tèmi, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọkùnrin kan wà lórí WhatsApp tó ń gba iṣẹ́ kíípáàdì pẹlẹbẹ, irú èyí tó wà lójú microwave. Ó ní Ṣáínà lòun ti ń ṣe é wá, pẹ̀lú orúkọ àti àwọ̀ tí oníbàárà bá fẹ́. Ó fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí mi. Kí n má purọ́, ó dára. Irin róbótó kékeré wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, tó ń dún "kẹ́" bí ìka bá tẹ̀ ẹ́. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, kò pé ohm 20 (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó; bó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára tó níbí). Ni mo bá san owó 60 ẹyọ lẹ́ẹ̀kan náà. (Ìyàwó mi ní kí n san ìdajì. Mo ní ṣé òun ló mọ iṣẹ́ mi ni.)

Nígbà tẹ́rù dé, ojú rẹ̀ bá ti sáńpù mu gẹ́lẹ́. Abẹ́ ló yàtọ̀. Kò sí irin kankan níbẹ̀, ó kàn ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ ìka ni. Aláìnírin ò burú o, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ké "píìn" fúnra rẹ̀ ló ń lò ó, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà iná inú rẹ̀ tó yẹ kí wọ́n fi yíǹkì fàdákà tẹ̀, yíǹkì dúdú oní-carbon ni wọ́n lò. Mítà ka ohm 800 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn oníbàárà ti ń pè mí, mo bá lò ó sórí ẹ̀rọ 4. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Inú ọ̀rinrin lẹ̀rọ wa ń gbé. Gọ́ọ̀mù àárín awẹ́ ike méjì tó para pọ̀ di kíípáàdì náà tú, awẹ́ òkè sùn lé tìsàlẹ̀, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fi ooru kún un wá ń tẹ ara rẹ̀. Ẹyin tó yẹ kó wà nínú ooru 37.5°C ti gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ kí àgbẹ̀ tó jí. Ọjọ́ kejìlá tí ẹyin náà wọnú ẹ̀rọ ni. Mo san owó ẹyin.

Bẹ́ ẹ bá máa ra, ẹ mú ẹyọ mẹ́ta láàárín ẹrù gan-an, kì í ṣe sáńpù. Ẹ fi abẹ ṣí ọ̀kan. Ẹ kán acetone, èyí tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, sí igun ojú rẹ̀: bó bá funfun tàbí tó sán, polycarbonate ni, kì í ṣe polyester (irú ike méjì ni wọ́n). Polycarbonate tètè máa ń ya níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Polyester lè gba títẹ̀ mílíọ̀nù kan. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: polyester, irin, fàdákà. "Bíi ti sáńpù" kò tó, ohun tí mo kọ nìyẹn, òun ló sì fi já mi sílẹ̀.

Ó ti dí mi lọ́nà lórí WhatsApp báyìí. Èyí tó ṣẹ́ kù, 56, wà lábẹ́ tábìlì mi. Ẹni tó bá fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀ kó tó bá a dòwò, kó bọ̀ wá wò ó.