Alárinà àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Sábó, Ṣàgámù: mo fún un ní 7 nínú 10

Obì gbàǹja ni mò ń tà, ó ti lé ní ogún ọdún. Nínú àwọn obìnrin tó ń bá mi bó obì lábẹ́ àtíbàbà, Hausa ló pọ̀ jù, ẹ̀yìn wọn kì í sì í ṣófo. Hausa tèmi ò ju ti ọjà lọ: goro, nawa, babu kudi. Èwo ni mo fẹ́ fi sọ fún ìyá ọlọ́mọ nínú ìyẹn pé àsìkò àjẹsára ọmọ rẹ̀ ti kọjá?

Ohun tí alárinà tí mò ń sọ yìí ń ṣe nìyẹn. Ó máa ń mú ìyá tí kò gbọ́ Yorùbá dé ilé ìwòsàn alábọ́dé, ó sì máa ń bá a wá àyè fún ọmọ ní jẹ́léósinmi. Kò gba kọ́bọ̀. Sábó ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ jẹ́ Hausa, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Rẹ́mọ.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ wa, mo ṣebí àwọn tó ń kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n á kán an tán, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri, ó tún dìgbà. Èyí ò sàmì sí ibì kankan. Ó fìdí kalẹ̀ sórí agolo, ó ki ọwọ́ bọ omi tí a rẹ obì sí, ó ń bá wa bó o. A ti bó tó ìdajì apẹ̀rẹ̀ kó tó bèèrè oṣù tí ọmọ ẹ̀yìn Ìyá Láwàlì wà. Oṣù 5. Káàdì ńkọ́? Ìyá Láwàlì tú ìdí ìró, ó yọ ọ́ jáde, inú ọ̀rá ló dì í sí bí ẹni di owó. Ti ọjọ́ tí wọ́n bí i wà níbẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ 6 náà wà níbẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ 10 àti 14, òfìfo.

Èmi tí mò ń rí Ìyá Láwàlì lójoojúmọ́, mo ti lérò pé àìbìkítà ni. Àṣé ara ọmọ gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6, kò sì sẹ́ni tó ti sọ fún un pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Alárinà wa ò bá a wí. Ó ní òun á padà wá nírọ̀lẹ́ wá bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì padà wá. Wọ́n ti gba méjèèjì tó kù yẹn, ti oṣù 9 ni wọ́n ń retí.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ní àwọn náà ní irú wọn. Promotora ni àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì ń pè wọ́n. Àwọn ló ń kan ilẹ̀kùn àwọn ará Mẹ́síkò láti sọ fún wọn nípa Head Start, ètò ọ̀fẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 1965 fún ọmọ kékeré àwọn aláìní. Ó ní bébà ìkéde ò ṣe é tó, ẹni tí wọ́n mọ̀ lójú ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀.

Ó kan ibi tó ti dùn mí. Láwàlì, ẹ̀gbọ́n ọmọ ẹ̀yìn yẹn, ti pé ọmọ ọdún 4. Ilé ni wọ́n bí i sí, kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Alárinà yìí bá wọn lọ gbà á, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n lọ, wọn ò san nǹkan kan. Ó wá ní ilé ẹ̀kọ́ náà ọ̀fẹ́ ni. Òótọ́ ni, òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti wà láti 2004. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n béèrè owó àga, wọ́n béèrè ìgbálẹ̀. Ẹnu géètì ni Ìyá Láwàlì ti yí padà, ọ̀dọ̀ mi ló wá sunkún sí. Èmi ni mo yá a lówó náà. Ọmọ Sábó tí wọ́n bí síbí, ó mọ̀ bó ṣe ń lọ, ó yẹ kó ti sọ. Mo pè é títí, fóònù rẹ̀ wà ní pípa. Òun nìkan ló ń sáré Sábó àti Mákún, mo mọ̀, àmọ́ inú bí mi.

Ẹ má wá a lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú ló máa ń wà lábẹ́ àtíbàbà mi, láti aago 10 títí di 12. Ẹ mú káàdì ọmọ dání, bó tilẹ̀ ti ya.