Mac mini, Framework Desktop, àbí tòkunbọ̀ oní-lítà kan?

Bí kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì àti mónítọ̀ rẹ̀ bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kan bá kú, a kì í ju èkejì nù. Ohun tó kù láti bèèrè kí ẹ tó sanwó ni pé: kí ni ọwọ́ yín lè yọ nínú àpótí náà, kí ẹ sì fi òmíràn rọ́pò?

Mac mini M4, tó jáde ní 2024, ló kéré jù: sẹ̀ǹtímítà 12.7 ní ìbú àti òòró, 5 ní gíga. Inú rẹ̀ ni power supply wà, kò sí ṣájà tí yóò máa fò káàkiri ilẹ̀. Ó yára, kì í sì í pariwo. Àmọ́ ara chip gan-an ni RAM rẹ̀ (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) wà: ẹni tó ra 16GB, 16GB ni yóò lò títí. SSD rẹ̀, níbi tí fáìlì ń gbé, ń yọ, ṣùgbọ́n M.2, irú SSD pẹlẹbẹ tó wà lọ́jà, kò wọ ojú ibẹ̀. (Abẹ́ ni wọ́n sì fi bọ́tìnnì ìtanná sí! Ẹ ó máa gbé igun rẹ̀ sókè.)

Framework Desktop ti 2025 jẹ́ lítà 4.5. Bọ́ọ̀dù mini-ITX, ìwọ̀n kékeré kan tó wọ́pọ̀, ló ní, ó lè wọ àpótí mìíràn, ààyè M.2 sì jẹ́ méjì. Síbẹ̀, jíjó ni wọ́n jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, nítorí 256GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni prósẹ́sọ̀ rẹ̀, Ryzen AI Max, lè máa kó láàárín òun àti RAM, èyí tó ń yọ kò sì lè bá a sáré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máa lo AI ńlá lórí ẹ̀rọ ara rẹ̀ ló yẹ kó ra èyí tó ní 128GB. Fún lẹ́tà títẹ̀, ìnákúnàá ni.

Fún iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ilé-ìwé, tòkunbọ̀ kékeré tí àpótí rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà kan la fara mọ́: Lenovo ThinkCentre M720q tàbí Dell OptiPlex 3070 Micro. Ẹ tú síkírù kan lẹ́yìn, ẹ ti ìdérí síwájú, ó ti ṣí. RAM irú ti láptọ́ọ̀pù, DDR4, ni wọ́n ń lò, ojú méjì. 8GB méjì sàn ju 16GB kan lọ, torí àwòrán á yára sí i. Ẹ ki RAM bọ̀ ọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìhà méjèèjì yóò fi dún “kọ́”. Bí ẹ̀gbẹ́ kan kò bá wọlé, mónítọ̀ á dúdú.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo nọ́ńbà prósẹ́sọ̀. i5-8500T gba Windows 11. I5-7500T kò gbà á, ìtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 sì ti parí ní October 14, 2025. Ẹ tan án, kí ẹ tẹ F2 lórí Dell, F1 lórí Lenovo, láti wọ BIOS, ojú ìwé ètò inú ẹ̀rọ náà. Bó bá béèrè password tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ṣájà Dell ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín ẹnu rẹ̀, òun ló ń sọ iye wáàtì fún kọ̀ǹpútà. Ayédèrú tí kò lè sọ ọ́ á tan ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ á máa fà bí ìgbín.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ ẹ̀yìn mónítọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ihò mẹ́rin wà níbẹ̀, mìlímítà 100 síra wọn, tí ẹsẹ̀ mónítọ̀ kò tíì gbà.