Mástà orí íntánẹ́ẹ̀tì lórí ẹranko òkun àti òfin rẹ̀: ṣé ó tó owó tí wọ́n ń gbà?

Láti ìgbà tí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí mástà mi lórí ààbò ẹranko òkun àti òfin tó dè é ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí bóyá kí àwọn náà forúkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí mo lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Apá òfin inú ẹ̀kọ́ yẹn dára débi pé bí wọ́n bá ní kí n tún san owó mi nítorí rẹ̀ nìkan, mo máa san án. Apá tí wọ́n pè ní ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́, ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin kò lè rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ìyókù wà láàárín méjèèjì.

N kò ní dárúkọ yunifásítì náà. Yúróòpù ló wà, ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ni, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí wọ́n ní kí a kà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwa tí a ní ẹbí ní Èkó àti Àgbádárìgì rí ọgbọ́n dá sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan láti òkè Benin jìyà gan-an. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní etí òkun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní orílẹ̀-èdè yín, lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n bá fọwọ́ sí. Lisáǹsì, ìyẹn dìgírì àkọ́kọ́, nínú ẹ̀kọ́ ẹja sísìn tí mo gbà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu ni mo fi wọlé.

Owó yúrò ni wọ́n ń gbà. Nǹkan bí sẹ́fà 656 ni yúrò kan, iye yẹn kì í sì í yí, nítorí náà ẹ ó mọ iye tí ẹ máa san láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó tó ń fi náírà ra yúrò kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn rárá. Ibi tí ẹ ti máa gbọgbẹ́ ni owó tí bánkì ń yọ nígbà tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́. Wọ́n gbà kí a máa san án díẹ̀díẹ̀, àmọ́ iye ìgbà tí ẹ bá san ni bánkì máa jẹ tirẹ̀. Bí agbára bá wà, ẹ san án pa pọ̀.

Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ẹranko fúnra wọn, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti ka ẹ̀kọ́ ẹja tàbí ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ní Benin níbí, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní jẹ́ tuntun sí yín. Mo gbádùn ẹ̀kọ́ lórí ẹyin ìjàpá òkun, pé ìgbóná iyanrìn ló ń pinnu bóyá ọmọ inú rẹ̀ máa jẹ́ akọ tàbí abo, àti pé bí iyanrìn bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 29 lórí ìwọ̀n Celsius, abo ló máa ń pọ̀ jù. Mo sì gbádùn ẹ̀kọ́ lórí àbùùbùtán tó ń ti òkun tútù ìhà gúúsù ayé wá bímọ ní etíkun tiwa láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ wọn, Kánádà ni, Ọsirélíà ni. Lamantin, ẹranko ńlá inú omi tó ń jẹ koríko, ti Florida ní orí kan odindi nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa. Lamantin ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó wà nínú odò Wẹ̀mẹ̀ àti ọ̀sà Nokoué, tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko ìgbẹ́, gbé sókè sínú Àfikún Kìíní, ibi tí òfin rẹ̀ ti le jù, ní 2013, ìpínrọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fún un. Nígbà tí mo kọ̀wé béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n ní ìwádìí lórí rẹ̀ kò pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa tí a lè ṣe ìwádìí náà ló jókòó síwájú wọn yìí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí òfin.

Ẹni tó kọ́ wa ní apá yìí jẹ́ obìnrin kan tó ti bá àwọn aṣọ́bodè ṣiṣẹ́ rí, ó sì hàn lára rẹ̀. Ìjàpá òkun ló fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo irú ìjàpá òkun ló wà nínú Àfikún Kìíní CITES, àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ààbò ẹranko, gbà pé èyí ti sọ ìjàpá òkun di èèwọ̀ níbi gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òwò tó bá ré ààlà kọjá ni CITES ń dè. Ẹni tó bá pa ìjàpá ní Ekpè tó sì jẹ ẹ́ ní Ekpè, òfin orílẹ̀-èdè wa ló máa mú un, òfin 2002-16 ti ọdún 2004 lórí ẹranko. Ṣùgbọ́n bó bá gbé èèpo ìjàpá náà sórí ọ̀kadà, tó gba Krakè kọjá kó lè tà á ní Àgbádárìgì, ọ̀ràn ti di ti orílẹ̀-èdè méjì, CITES sì ti wọ̀ ọ́.

Mo sọ fún un pé Krakè kò jìnnà sílé mi. Ó ní ó dára, iṣẹ́ àṣetiléwá mi nìyẹn. Kí n lọ síbẹ̀, kí n kọ irú òṣìṣẹ́ tó wà ní ẹnu ibodè sílẹ̀, ọlọ́pàá, aṣọ́bodè, òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts tó ń bójú tó omi àti igbó, kí n wá kọ ohun mẹ́ta síwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìwé tó lè béèrè, ohun tó lè gbẹ́sẹ̀ lé, àti ẹni tó máa fi ohun náà lé lọ́wọ́. Àlàfo tó ṣófo jù nínú tábìlì mi ni ti ẹni tó máa gba ẹranko náà lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé e. Bó bá wà láàyè ńkọ́? Ta ló máa gbé e padà sí òkun, ta ló máa san owó epo? Obìnrin náà fa ìlà sí abẹ́ àlàfo yẹn, ó ní ibẹ̀ ni òfin ti ń kú. N kò tíì rí iṣẹ́ àṣetiléwá tó kọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń lọ ilé-ìwé.

Ìkejì ni ẹjọ́ edé àti ìjàpá. Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1989 pé òun kò ní ra edé mọ́ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tí àwọn apẹja rẹ̀ kò bá fi ọ̀nà àbájáde fún ìjàpá sínú àwọ̀n. Irin kan ni, tí wọ́n tò bí irin ojú fèrèsé sí ọrùn àwọ̀n. Edé á gba àárín irin kọjá sínú àpò àwọ̀n, ìjàpá á kọlu irin náà, á sì bá ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde. Índíà, Màlésíà, Pakísítánì àti Thailand gbé Amẹ́ríkà lọ sí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé. Ìdájọ́ ìkẹyìn jáde ní 1998: kò sóhun tó burú nínú kí orílẹ̀-èdè fẹ́ dáàbò bo ìjàpá, àmọ́ Amẹ́ríkà ṣe ojúsàájú, ó fún àwọn ará Caribbean ní àkókò àti ìrànlọ́wọ́ tí kò fún àwọn ará Éṣíà. Wọ́n pín wa sí ìhà méjì láti jiyàn rẹ̀, Màlésíà ni wọ́n fi mí sí. Ìgbà yẹn ni mo rí i bí ọ̀rọ̀ ẹranko ṣe ń di ọ̀rọ̀ ọjà, àti bí ẹni tó mọ̀ nípa ọjà ṣe lè borí ẹni tó mọ̀ nípa ẹranko nìkan.

Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé ọ̀sà Àjàṣẹ́, Nokoué àti ìsàlẹ̀ àfonífojì Wẹ̀mẹ̀ ti wà lórí ìwé Ramsar, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ilẹ̀ olómi, láti ọdún 2000. Èmi tí mo ń rí omi náà lójoojúmọ́, ẹnu òyìnbó ni mo ti gbọ́ ọ.

Ìwé àbá olójú-ewé méjì fún àwọn aláṣẹ ni wọ́n fi parí apá òfin. Ìyá yìí máa ń fi yẹ́lò kun gbogbo gbólóhùn tí kò bá sọ ẹni tó máa ṣe nǹkan náà, ẹ̀ka òfin tó fún un lágbára, àti àpò tí owó ti máa jáde. Ìwé ẹlẹgbẹ́ mi kan láti Lomé padà wá, yẹ́lò ni láti òkè dé ilẹ̀. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún un kọ títí yẹ́lò fi kù bí ìlà méjì.

Iṣẹ́ etí òkun ni inú mi kò dùn sí. Ẹgbẹ́ tí wọ́n fi mí sí lọ́dọ̀ ní apá Sẹ̀mẹ̀ kò ní ẹ̀bi kankan, ọmọlúàbí ni wọ́n. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní ni a rìn, ní alẹ́, nígbà tí ìjàpá ń gòkè wá yé. A kì í tan iná funfun, pupa ni. Ẹ ó dúró títí ẹyin á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kí ẹ tó sún mọ́ ọn, torí bí ẹ bá kánjú, á yí padà sínú omi. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó na téèpù aláṣọ sórí èèpo rẹ̀, láti ibi tí ọrùn ti pàdé èèpo dé ìparí rẹ̀ níbi ìrù, kí téèpù náà tẹ̀ lé kọrọ èèpo náà dáadáa. Ẹnì kan á máa wọ̀n ọ́n, ẹnì kan á máa kọ ọ́.

Fọ́ọ̀mù ló bà á jẹ́. Yunifásítì fún wa ní fọ́ọ̀mù tí a máa fi bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ nípa ẹranko tó ń kó sí wọn lọ́wọ́. Iye ìwọ̀ tó wà lórí okùn gígùn ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Àwọn tí mo bá pàdé ní etí òkun wa, àwọ̀n ńlá tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń fà wá sí èbúté ni wọ́n ń lò, tàbí àwọ̀n tí wọ́n ń dẹ sílẹ̀ lóru. Bàbá kan tó jókòó ti àwọ̀n rẹ̀ gbọ́ mi dé ìdajì, ó fi Ègùn dá mi lóhùn pé, "Ọmọ mi, àwọ̀n ni mò ń tún ṣe lójú ẹ yìí, ìwọ̀ lo wá ń bi mí." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí wọn.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán ni. Bí mo bá kọ òdo síwájú ìwọ̀, kọ̀ǹpútà tó wà lọ́hùn-ún á gbà pé apẹja yìí kò pẹja rárá, ìjàpá tó kú sínú àwọ̀n rẹ̀ kò sì ní sí nínú ìṣirò kankan. Mo kọ̀wé sí wọn kí wọ́n yí fọ́ọ̀mù náà padà. Ìgbà tí èsì fi dé, a ti parí iṣẹ́. Ohun tí èmi àti alábòójútó mi níbí ṣe ni pé a fi ọwọ́ kọ ojú-ewé kejì kún un: gígùn àwọ̀n, fífẹ̀ ojú rẹ̀, wákàtí tó lò nínú omi, iye ènìyàn tó fà á. Ojú-ewé kejì yẹn ni mo fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ́ náà lójú wa jù lọ. Fídíò ni wọ́n kó fún wa: ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Bonn ní ọ́fíìsì àdéhùn ẹranko tó ń ṣí kiri, ẹnì kan ní Geneva. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní Yúróòpù. Físà ńkọ́? Ta ló máa bọ́ wa? Wọn kò sọ.

Ibi tí mo rí pé iṣẹ́ wà, èmi ni mo wá a kàn. IRHOB, ilé ìwádìí ẹja àti òkun ti Benin, wà ní Kútọnu fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìwádìí. Ìgbìmọ̀ ẹja pípa tí orílẹ̀-èdè mẹ́fà dá sílẹ̀, láti Làìbéríà dé Nàìjíríà, Tema ní Gánà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ọ́fíìsì Àdéhùn Abidjan ti 1981 lórí ààbò òkun àti etíkun sì wà ní Abidjan. Bí ẹ bá ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ wo owó ìrànwọ́ UN àti Nippon Foundation lórí òfin òkun, tàbí yunifásítì ọ̀rọ̀ òkun tó wà ní Malmö ní Sweden. Iṣẹ́ àyẹ̀wò àyíká tún wà: páìpù epo rọ̀bì tó ti Niger wá parí sí Sẹ̀mẹ̀, àti ọkọ̀ tó ń dún ìbọn ohùn sísàlẹ̀ òkun láti wá epo. Ìlànà JNCC, àjọ tó ń gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ààbò ohun abẹ̀mí, ní kí ẹnì kan fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 30 ṣọ́ omi bóyá àbùùbùtán wà nítòsí kí ìró náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ ni ènìyàn fi ń di irú aṣọ́nà bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ọdún méjì yẹn, wọn kò dárúkọ iṣẹ́ náà fún wa lẹ́ẹ̀kan.

Iléeṣẹ́ àyẹ̀wò àyíká kan ní Kútọnu ni mo wà báyìí, àdéhùn ọlọ́dún kan. Ọ̀gá tó gbà mí kò wo ìwé-ẹ̀rí mi pẹ́. Ìwé olójú-ewé méjì yẹn ló kà, ó wá béèrè bóyá mo gbọ́ Ègùn.

Ẹ̀yin tí ìgbì omi àti ìgbóná òkun wù ju òfin lọ, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà: CIPMA, ibùdó ẹ̀kọ́ físíìsì àti ìṣirò ní yunifásítì Calavi, ní mástà lórí ẹ̀kọ́ òkun, àwọn ará Cape Coast ní Gánà sì ní ibùdó tiwọn lórí ọ̀rọ̀ etíkun, bí Gẹ̀ẹ́sì yín bá tó. Fún ẹni tó fẹ́ ti yunifásítì tèmi yìí, ẹ béèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀: ta ni alábòójútó yín ní Benin, ṣé ẹ lè yí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ etí òkun padà, ṣé ìjọba níbí máa gba ìwé-ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n tún ń ta apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í kọ ọ́ síta, àfi kí ẹ kọ̀wé béèrè. Àbúrò mi tó ka òfin ti ra apá òfin nìkan, owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin iye tí mo san.