Àgbéyẹ̀wò: Wíwá ẹni tó ṣe fáàsì gíláàsì àtijọ́ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọnà ní Kew

Ẹnikẹ́ni tó bá ní fáàsì (ìkòkò òdòdó) gíláàsì opalescent àtijọ́ lọ́wọ́, èyí tí etí rẹ̀ funfun bíi wàrà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ gaara, tó sì rí lẹ́tà "Rd" (ìyẹn "Registered", pé wọ́n ti forúkọ ọnà rẹ̀ sílẹ̀) àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó tó sanwó fún olùṣàyẹ̀wò kankan, National Archives, ilé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí, tó wà ní Kew, ní ìlú London, ni kó kọ́kọ́ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ìwé tí ìjọba náà fi ń forúkọ ọnà, ìyẹn bí wọ́n ṣe ya nǹkan sí, sílẹ̀ pamọ́ sí. Mo ti lò wọ́n fún fáàsì tèmi, iṣẹ́ wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi.

Fáàsì náà pupa rúsúrúsú, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé iṣẹ́ Fenton, ilé iṣẹ́ gíláàsì ti Amẹ́ríkà, ni, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó sì mú wá ni pé ó ń tàn ní àwọ̀ ewé lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì ultraviolet (ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í rí). Òótọ́ ni pé ó ń tàn bẹ́ẹ̀. Uranium tí wọ́n pò mọ́ gíláàsì náà ló fà á. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ tó lo uranium pọ̀ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, Fenton náà sì wà lára wọn, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì lè sọ ohun tó wà nínú gíláàsì, kò lè dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ òǹtajà ṣì ń fi ìmọ́lẹ̀ yìí parí ọ̀rọ̀, nítorí pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó làágùn nídìí iná ìléru, ó sì ń gbé e fún ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà tó wà lára tèmi ni 130643. Láti ọdún 1884 ni wọ́n ti ń fún ọnà tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní nọ́ńbà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, bẹ̀rẹ̀ láti orí 1. Ṣáájú ìgbà náà, láti 1842 títí di 1883, àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun kan ni wọ́n ń lò, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ ń sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ọdún 1889 ni nọ́ńbà tèmi bọ́ sí. Èyí nìkan ti yọ Fenton kúrò, torí pé ọdún 1905 ni Frank àti John Fenton dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Martins Ferry, ní ìpínlẹ̀ Ohio.

Ètò ibẹ̀ kò le. Èèyàn yóò mú ẹ̀rí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ dání láti gba káàdì òǹkàwé, ọ̀fẹ́ sì ni. Nínú kátálọ́ọ̀gù orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ọ̀wọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan: BT 51 ni ìwé orúkọ fún ọdún 1884 sí 1908, BT 50 sì ni àwọn àwòrán ọnà fún àwọn ọdún kan náà. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n fi ń kọ nǹkan nínú yàrá ìkàwé, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí èèyàn fi kámẹ́rà ara rẹ̀ ya ojú ìwé láìsanwó. Ẹ má ṣe fi BT 50 sílẹ̀, torí pé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára gíláàsì a máa fẹ́ parẹ́, a sì lè ka 3 sí 8 tàbí ka 6 sí 0. Àwòrán ló ń fi ọkàn ẹni balẹ̀.

Orúkọ tí mo rí ni ti George Davidson, ilé iṣẹ́ gíláàsì Teams, ní Gateshead. Inú mi dùn púpọ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí mo rí lára fáàsì náà ló bá a mu. Ọdún 1889 yìí kan náà ni Davidson gba ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe gíláàsì tí wọ́n pè ní Pearline: wọ́n á tẹ gíláàsì sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀, wọ́n á wá dá etí rẹ̀ padà sínú iná, ibi tí iná bá sì tún mú ni yóò funfun. Àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ní uranium nínú ni wọ́n fi ṣe é.

Ìwé náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ọnà sílẹ̀ ló ń sọ, wọ́n sì lè máa lo mọ́ọ̀dù kan fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ tún lè jẹ́ oníṣòwò tí kò ní ilé ìléru rárá. Fún gíláàsì tí kò ní nọ́ńbà, àmì mìíràn ni kí ẹ wò: Lalique, ilé iṣẹ́ gíláàsì ti ilẹ̀ Faransé, ń kọ "R. Lalique" títí René Lalique fi kú ní 1945, Fenton kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ rẹ̀ sára gíláàsì títí di 1970. Níbi tí kò bá sí àmì kankan, àyẹ̀wò kẹ́míkà tó péye ló kù, irú èyí tí àwọn onímọ̀ fi mọ̀ pé Ilé-Ifẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣe gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n wú jáde ní Igbó Olókun, ibi ìwalẹ̀ kan níbẹ̀.

Ẹni tó wà ní Nàìjíríà, tí kò lè dé Kew, lè san owó kí wọ́n bá a wá a tàbí kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́. Kó kọ nọ́ńbà náà bó ṣe rí i gan-an, kó sì sọ èyí tí kò dá a lójú nínú rẹ̀.